Ínfátà Tí Wọ́n Ní Kí Èmi Yàn

Ajé, 2 Fẹ́búárì

Ẹ̀rọ onípẹtiróòlù tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa fi ń fa omi ní àkùrọ̀ kú lónìí. Alàgbà Abọ́dẹrìn, alága wa, fa okùn rẹ̀ títí tí òógùn fi bò ó lójú, ẹ̀rọ ò dáhùn. Ó ní ká fi òróró díẹ̀ sí i. Mo ní kó kú o, ká sinmi. Láti ìgbà tí àrá ti sán pa àpótí sólà wa lójò tó kọjá, epo tí a ti bù sẹ́nu ẹ̀rọ yìí, bí a bá bù ú sẹ́nu ọmọ, ọmọ náà á ti sanra.

Òjò ṣì jìnnà. Ata gbogbo wa ti ń yọ òdòdó. Bàbá Suleiman, ọkọ mi, gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń pọnmi láti odò lọ sí oko wa tó wà lókè pátápátá, lẹ́bàá àpáta. Nígbà tó délé, kò lè tẹ̀ bọ́ bàtà. Èmi ni mo bá a bọ́ ọ.

Suleiman ọmọ wa pè láti Àbújá. Ọ̀gá rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì ilé rẹ̀, àgbàlagbà tí kì í mutí. Ó ti dárúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n á dúró di ìgbà Ìtúnu Ààwẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹlòmíràn. Bàbá rẹ̀ gba fóònù, ó ní, "Bí ata yìí bá so, mi ò lọ síbì kankan. Bí kò bá so, màá wá." Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní kí n gbé omi kaná fún ìbàdí òun.

Ọkùnrin tó ti ń ṣe ọ̀gá ara rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kó lọ máa ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò fẹ́ kó lọ. Mo kọ ọ́ síbí kó lè hàn: mi ò fẹ́ kó lọ.

Ọjọ́rú, 4 Fẹ́búárì

Èmi àti Alhaji Rájí, akápò ẹgbẹ́, lọ sí Ìkàrẹ́. Ọyẹ́ bolẹ̀, a ò rí òkè kan tí a fi kọjá Ọ̀kà. Owó ọkọ̀ tún ti lé. Mo bi awakọ̀ pé ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó fi ń pọ̀n wá ni. 

Páńẹ̀lì wà, pọ́ǹpù wà nínú kànga etí odò, àpótí ínfátà tó wà láàárín méjèèjì ni kò sí mọ́. Badmus tó ń ta nǹkan sólà lọ́jà gbé irú méjì kalẹ̀ fún wa.

"Èyí ni ínfátà ilé," ó ní, "òun àti bátìrì rẹ̀. Oòrùn yọ o, oòrùn ò yọ o, bí iná bá ti wà nínú bátìrì, á ṣiṣẹ́. Èyí kejì ni ínfátà pọ́ǹpù. Kò mọ bátìrì rárá. Bí oòrùn bá ti ràn, ó dìde. Bí oòrùn bá wọ̀, ó di àárọ̀ ọ̀la."

Alhaji Rájí bú sẹ́rìn-ín. "Ínfátà tí kò ní bátìrì! Kí ló wá ń ṣe lálẹ́?"

"Ó ń sùn, Alhaji."

"Ó kú oríire. Èmi gan-an ò rí oorun sùn."

Ní ojú ọ̀nà, Alhaji ń wí, ó ń tún un wí: ààwẹ̀ ń bọ̀, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn onígbàgbọ́ ló máa jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lọ́dún yìí, ta ló máa fi ẹnu gbígbẹ dúró sínú oòrùn ọ̀sán tí yóò máa bomi? Ti bátìrì ni ká mú. Ká bomi lẹ́yìn sààrì, ká tún bomi kí a tó ṣínu. Àti pé ta ni kò mọ̀ pé omi ọ̀sán máa ń bọ ewé ata? Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúkú dúró. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó máa ń sọ òótọ́ bí ẹni tó ń na ènìyàn.

Àbámẹ́ta, 7 Fẹ́búárì

Rufus wá láti Ọ̀bà. Òun ni ẹnjiníà tí Alàgbà Abọ́dẹrìn mú wá, ọmọ ìjọ wọn ni. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dà bíi rédíò tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ó wo kànga, ó wo páńẹ̀lì, ó gun àpáta tó wà lẹ́yìn oko wa, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ínfátà pọ́ǹpù ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ fi owó bátìrì ra táńkì, ẹ gbé táńkì lé orí àpáta yìí. Oòrùn á fi ọ̀sán fa omi gòkè, ẹ ó sùn sínú ilé yín. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí táàpù, omi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá ata. Táńkì yẹn ni bátìrì yín."

Ó yé mi. Ó yé mi dáadáa, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n Àsàmáù, àbúrò ọkọ mi, wà lórí àpáta náà pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, wọ́n ń sá láfún. Ó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Orí láfún mi lẹ fẹ́ gbé táńkì lé? Ibi tí ìyá mi ti sá a, tí ìyá rẹ̀ ti sá a? Ẹ lọ gbé e lé orí yín."

Rufus fúnra rẹ̀ dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn nìkan.

Àìkú, 8 Fẹ́búárì

Ìpàdé. Apá kan ní bátìrì, apá kan ní pọ́ǹpù, iye kan náà. Nígbà tí a wò ó dáadáa, àwọn tó wà lẹ́yìn Alhaji Rájí, mọ́ṣáláṣí ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn Alàgbà Abọ́dẹrìn, ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni. Ojú gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ara wọn.

Ni Alàgbà bá ṣí fìlà. "Ìyá Suleiman, akọ̀wé wa, ìwọ lo máa bá wa mú un. Ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ, ilé Mùsùlùmí lo wà. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni ẹ́, Ọ̀kà lo ti ń jẹun. Èyí tó o bá mú, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé o gbè sẹ́yìn ẹnì kan."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbọ́n o! Bó bá dára, àwa ni. Bó bá bàjẹ́, Mọ́júbọ́lá akọ̀wé ni.

Ìṣẹ́gun, 10 Fẹ́búárì

Mo bi Bàbá Suleiman léèrè èyí tí òun máa mú. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n bi." Ó ń fi àdí pa ìbàdí rẹ̀. Mi ò tún bi í mọ́.

Ẹtì, 13 Fẹ́búárì

Mo ti mú un. Ti bátìrì ni.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo rí ọkọ mi lójú inú mi, nínú oòrùn ọ̀sán, lẹ́nu ààwẹ̀, pẹ̀lú họ́ọ̀sì lọ́wọ́ àti ìbàdí yẹn. Mo tún rí ẹnu Àsàmáù. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn jẹ́ fún mi nínú ilé yìí, àní ẹni tí wọ́n bí mi ṣáájú rẹ̀, torí wọ́n ti wà ńlé kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Mi ò ní agbára láti bá ìdílé ọkọ jà lórí àpáta. Ó ti rẹ̀ mí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ajé, 16 Fẹ́búárì

Ó ṣiṣẹ́! Badmus fúnra rẹ̀ wá so ó. Nígbà tí omi jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì, Alhaji Rájí ń fọ ojú rẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọdé. Wọ́n ń kí mi: "Akọ̀wé, o ṣe é!" Bàbá Suleiman wò mí, ó mi orí pé ó dáa. Ìyẹn tó mi.

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Mo gba eérú sí iwájú orí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì jí fún sààrì bá wọn dáná. Ẹni tó bá fẹ́ràn mi kó bá mi sun díẹ̀ nínú oorun tó ń kùn mí.

Àbámẹ́ta, 21 Fẹ́búárì

Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé olóyè ló ń bomi kẹ́yìn. Nítorí alága kan tó fi omi gbogbo ayé rẹ oko ara rẹ̀ nígbà kan la ṣe ṣe é. Òfin tó dára ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á bomi tán, alága á bomi, akápò á tẹ̀ lé e, akọ̀wé ló kẹ́yìn, èmi nìyẹn.

Lónìí, bátìrì kú nígbà tí omi dé oko Alhaji. Ínfátà ké pìì, pìì, pìì, ó sì dákẹ́. Tiwa ò kàn án. Bàbá Suleiman lọ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lábẹ́ igi.

Ọjọ́bọ̀, 26 Fẹ́búárì

Bákan náà lánàá. Bákan náà lónìí. Ọyẹ́ tó yẹ kó ti lọ sílé ṣì jókòó lé wa lórí, páńẹ̀lì funfun bí ẹni tó kun ẹfun. Mo fi aṣọ nù ún, ó tún bò ó kí n tó fọ aṣọ.

Òdòdó ata wa ń já bọ́. Mo ń ṣà á nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Apẹ̀rẹ̀ rodo kan lọ́jà Ìkàrẹ́ báyìí, bí wọ́n bá sọ iye rẹ̀ fún ọ, wàá jókòó. Ọdún tó yẹ ká rí nǹkan nìyí.

Bàbá Suleiman pọnmi lẹ́nu ààwẹ̀. Ó dé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo ní kó jáwọ́ nínú ààwẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ó ní, "Àbí kí n jáwọ́ nínú ata?" Mo wọ inú ilé ìdáná lọ sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo ro ọkà.

Àìkú, 1 Máàṣì

Ohun tí mo rí lónìí, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ jà, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe ṣáájú.

Àsàmáù pè wá wá ṣínu lọ́dọ̀ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, torí ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ. Ó gbé omi síwájú mi, ó tutù nini, yìnyín ń léfòó nínú rẹ̀. Nínú ooru yìí! Mo mu ún tán, mo ní kó tún bù sí i. Ara mi wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Alhaji Rájí wà níbẹ̀, ó ń mu tirẹ̀. Àní Alàgbà Abọ́dẹrìn rán èèyàn wá ra yìnyín fún ìṣínu tiwọn.

Mo wá rò ó. Iná NEPA ò wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àsàmáù ò ní jẹnẹrétọ̀.

"Eyínfúnjowó, níbo lẹ ti ń rí yìnyín?"

"Ní àkùrọ̀ ni, ìyàwó wa. Mo gbé fíríísà kékeré yẹn síbẹ̀. Iná yín yẹn dára o! Kì í ṣe bí i ti NEPA."

 Alhaji Rájí rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí.

Ajé, 2 Máàṣì

Mo lọ sí àkùrọ̀ láàárọ̀. Fíríísà náà rèé lábẹ́ àtíbàbà tí ínfátà wà, ó ń gbọ̀n, inú rẹ̀ kún fún omi nínú ọ̀rá. Fóònù mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gba iná. Ọ̀kan jẹ́ ti alága.

Mo pariwo. Mi ò purọ́, mo pariwo tí àwọn tó wà lójú títì fi yà wá. Mo ní, ṣé omi ata la ń wá àbí omi yìnyín? Àsàmáù ní, "Ta ni mo jí iná gbé lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkọ rẹ ló ní kí n gbé e síbẹ̀." Mo yíjú sí Bàbá Suleiman.

"Àwọn alááwẹ̀ ló ń mu ún," ó ní. "Láádá ni mo rò pé ó jẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń jẹ bátìrì tó bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ rò pé ó ń jẹ, ẹ̀bà?"

Ó wo ata rẹ̀ tó ti gbẹ.  Òun ló ń pọnmi, òun kan náà ló fi iná tó yẹ kó fa omi náà tọrẹ. Èmi náà sì mu ún, mo ní kí wọ́n tún bù sí i.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

A gbé fíríísà kúrò láti ọjọ́ Ajé. Omi dé oko Alhaji, ó kọjá díẹ̀, ó dúró. Kò dé tiwa.

Ká ní kò dé nítorí yìnyín nìkan ni, ǹ bá rí ẹni bú. Rufus wá, ó tẹ ibi kan, ó tẹ ibi kan, ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ má bínú o. Pọ́ǹpù kì í ṣe fáànù. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dìde, ó máa ń já iná gbà lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì yìí ò lágbára ẹ̀. Ínfátà pọ́ǹpù ló máa ń gbé e dìde díẹ̀díẹ̀, bí oòrùn bá ṣe tó. Mo ti sọ ọ́ ní…"

"O ti sọ ọ́," mo ní. "Dákẹ́."

Mo pe ìpàdé lábẹ́ igi. Mo dìde, mo ní, "Èyí tí mo mú kò dára. Èmi ni mo mú un." Mo rò pé wọ́n á bú mi. Alhaji Rájí ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ti ọ́ sí i. Jókòó, jàre." Àṣé ọkùnrin yìí lè sọ òótọ́ láì na ènìyàn.

Ẹtì, 6 Máàṣì

Badmus gbà láti gba ínfátà ilé àti bátìrì rẹ̀ padà, torí wọn ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa. Yóò fún wa ní ínfátà pọ́ǹpù àti táńkì dúdú ńlá kan. Ó ní òun náà rò ó lọ́jọ́ yẹn pé ká mú ti pọ́ǹpù. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Alhaji ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín." Àb'ẹ́ ẹ rí ayé.

Ó ku àpáta.

Àìkú, 8 Máàṣì

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì mo lọ bá Àsàmáù. Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí orúnkún mi kan ilẹ̀ tó fi fà mí dìde.

"Ìyàwó wa, dìde. Láti ọjọ́ Ajé n ò lè wojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí bó ṣe ń rìn." Ó jókòó, ó fi ìka ya ilẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá gbé táńkì sí ibi tó ga jù lọ, láfún kì í dúró níbẹ̀, ó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ jù. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ má jẹ́ kí páìpù gba ojú ibi tí à ń sá nǹkan sí. Ẹ sì jẹ́ ká máa rí omi fọ ẹ̀gẹ́."

Ibi tó ga jù lọ. Ibi tí wọn kì í tilẹ̀ lò. Oṣù kan gbáko, kò sẹ́ni tó bi í, èmi náà ò bi í.

Ọjọ́rú, 11 Máàṣì

Wọ́n gbé táńkì gun àpáta láàárọ̀ kùtù, kí ooru tó mú. Wọ́n fi okùn fà á, àwọn kan ń ti ìdí rẹ̀, Alàgbà ń kọ orin, àwọn Mùsùlùmí ń gbe orin náà. Mo ní kí Bàbá Suleiman má fọwọ́ kàn án. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń nawọ́: ọ̀tún, òsì, ẹ rọra. Ó ń wo oko wa lójú kan, ó ń wo táńkì lójú kejì.

Rufus so páìpù títí di ìrun Àyìlá lọ́sàn-án. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí àpáta, a ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Ẹtì, 13 Máàṣì

Omi.

Kùrukùru bo oòrùn lẹ́ẹ̀mejì, pọ́ǹpù rẹ ohùn sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò kú, oòrùn padà, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Nígbà tí àwọn ọkùnrin fi ń ti Jímọ̀ bọ̀, táńkì ti kún, ó ń ṣàn lẹ́bàá rẹ̀, Àsàmáù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ́n ọ́n.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì nírọ̀lẹ́ a ṣí táàpù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bomi tán. Alága bomi tán. Alhaji bomi tán. Omi ṣì wà. Ó dé tiwa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mú ínfátà, omi dé tiwa.

Bàbá Suleiman di họ́ọ̀sì mú, ó ń bomi sí ìdí ata kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Bàbá Suleiman, wọ́n ti kú." Ó ní, "Mo mọ̀." Ó bomi dé ìparí ọ̀wọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e.

Àbámẹ́ta, 14 Máàṣì

Mo fa ata náà tu lónìí. Kò nira, wọ́n ń tẹ̀ lé ọwọ́. Alhaji Rájí ní òun á fún wa nínú tòun. Mo dúpẹ́. Ata rẹ̀ gan-an ò pọ̀, ó kàn ní kòkó lẹ́yìn ni. Ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ti ń gbèrú, inú mi dùn fún wọn, inú mi ò dùn. Méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Ajé, 16 Máàṣì

Bàbá Suleiman pe Suleiman fúnra rẹ̀. Mo wà lójú ààrò, mo gbọ́ ọ.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún."

Lẹ́yìn náà ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé èmi ló fà á, pé ká ní mo mú ti pọ́ǹpù láti ìbẹ̀rẹ̀, ata á ti so. Ó ní, "Ká ní n kò gbé fíríísà síbẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kò ní yàtọ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀." Ó ní oúnjẹ tí a máa jẹ títí di òjò ni òun ń lọ wá, òun ò kú. Mo ní kó má lo ọ̀rọ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀.

Ọjọ́rú, 18 Máàṣì

Ó ń ṣe nọ́sìrì ata tuntun lẹ́bàá táàpù, pẹ̀lú ìbàdí yẹn. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ó ní kí n máa ṣí i láàárọ̀, kí n máa bò ó lọ́sàn-án, kí n gbìn ín bó bá ti tó ìka ọwọ́. Mo ní mo ti ń ṣe ata kó tó gbé mi níyàwó. Ó ní, "Ní Ìkàrẹ́? Ẹ̀yin ọjà lẹ mọ̀."

Ẹtì, 20 Máàṣì

Ìtúnu Ààwẹ̀. Ìrẹsì, adìẹ, ilé kún. Àsàmáù gbé omi tútù wá, NEPA ló mú un tutù, ó búra kí n tó béèrè.

Ajé, 23 Máàṣì

Ó lọ. Ọkọ̀ Àbújá gbéra láti Ìkàrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo di èlùbọ́ àti àdí fún un. Ó wọ agbádá kékeré tó wọ̀ nígbà ìkómọ Suleiman, bí ẹni pé àlejò pàtàkì ni òun níbi tó ń lọ. N kò lè sọ fún un pé wọ́n á fún un ní yunifọ́ọ̀mù.

Mo padà sí Ọ̀kà, mo lọ ṣí imọ̀ orí nọ́sìrì.

Ọjọ́bọ̀, 26 Máàṣì

Kò sí òjò. Nọ́sìrì ti yọ. Mi ò ní agbára láti kọ̀wé.

Àìkú, 5 Épírì

Ọdún Àjíǹde. A kọrin títí ohùn mi fi há. Àwọn ará àkùrọ̀ ti ń ká ata, ọkọ̀ wá gbé ti Alàgbà lánàá. Ata tiwa ti tó ìka ọwọ́, mo gbìn ín lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Àsàmáù.

Nírọ̀lẹ́ mo bọ́ aṣọ ọdún, mo lọ dúró de omi. Àwọn kan ní kí n máa bomi ṣáájú báyìí tí Bàbá Suleiman ò sí nílé. Mo ní rárá, olóyè ló ń bomi kẹ́yìn. Fóònù dún.

"Ìyá Suleiman, ẹ kú ọdún. Ṣé omi ti dé tiwa?"

"Ó ń bọ̀. Oko Alhaji ló wà."

"Gbé fóònù sílẹ̀ kí n gbọ́."

Mo ní kí ló ń ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣá, mo gbé fóònù sí ẹnu họ́ọ̀sì. Họ́ọ̀sì wúkọ́, ó tu atẹ́gùn, omi dé.  Mo ń gbọ́ èémí Bàbá Suleiman nínú fóònù.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ kan fọn fèrè lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gùn, ó tún fọn ọ́n. "Mò ń bọ̀, sà!" Ó gbàgbé láti pa fóònù. Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ bó ṣe ń sáré, ẹni tí ìbàdí ń dùn. Mo gbọ́ irin géètì tó ń wọ́ nílẹ̀. Mo gbọ́ tó ń wí pé, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà," ní ohùn kan tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi. Mo fẹ́ pa fóònù kí ojú má baà tì í. N kò lè pa á.

Ó padà dé. Ó ń mí gule gule.

"Ìyá Suleiman, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Má tíì pa táàpù o. Ọ̀wọ́ tó wà lẹ́bàá àpáta yẹn, omi ò tíì dé ìdí wọn."

"Láti Àbújá? Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo gbọ́ ọ. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ṣì ń gbà á."

Mo dìde, mo lọ wò ó. Òótọ́ ni, kò tíì dé ìdí wọn. Mo fi táàpù sílẹ̀, mo sì di fóònù mú bẹ́ẹ̀ títí omi fi dé ibẹ̀.